Ìwé Lomé Tí O Ní Kí N Tẹ Ìka Sí

Àlàgbé ọmọ mi, Àjàmú ọkọ mi,

Mo kí ọ bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí èrò oko. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé inú kò run ọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì le, torí mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ dá lé báyìí. Oòrùn Àjàṣẹ́ kò ní pa ọ́, omi ọ̀sà kò ní gbé ọ lọ, ẹni tí ẹ jọ ń jẹun kò ní gbèrò ibi sí ọ. Èmi náà wà. Bí orúnkún bá ń dùn mí, kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ló ń kí mi.

Kí o tó ka ibòmíràn, kí o mọ̀ pé ọwọ́ èmi ìyá rẹ gan-an ló kọ ìwé yìí. Mo ti kúrò ní Kpulú láti ìgbà ìkórè àgbàdo tó kọjá, mo ń gbé ilé Ògúnsànyà àbúrò bàbá rẹ níbí ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, kí n lè kọ́ a-b-d lọ́dọ̀ Abọ́dúndé, olùkọ́ tó ti apá Abẹ́òkúta wá. Àwọn ọmọ tí a jọ ń kàwé, èmi ìbá bí ìyá wọn. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, n kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ọrùn wọn ni mo fi mọ̀ wọ́n: èyí tí làpálàpá wà lára rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fá lórí tó gbàgbé apá kan, èyí tí ọrùn rẹ̀ máa ń sún kì nígbà tí olùkọ́ bá gbé ẹgba. Ìyábùnmi tó ń fún epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa bi mí níjọ́sí pé, Ìyá Òkè, ṣé ìyàwó kòmàǹdáǹ òyìnbó lo fẹ́ dà ni, tí o fi ń kọ́ ìwé pẹ̀lú ewú lórí? Mo ní rárá o, ọmọ kan ló kù mí ní Àjàṣẹ́, n kò fẹ́ kí ẹnu ẹlòmíràn máa bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí epo fi ta sí i lẹ́sẹ̀.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Ẹrẹ̀ dúdú ti gba ọ̀nà Kpulú, àgbàdo apá Ìkpinlẹ̀ ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, adìyẹ funfun rẹ pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá sì gbé méjì.

Ìwé rẹ dé. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Pobẹ̀, Ògúnsànyà lọ gbà á, èmi sì ni mo kà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á, torí pé bí mo bá dé ìparí ìlà kan mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á tán. O ní wọ́n ti mú ọ mọ́ àwọn mọ́kànlá tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ Dàhòmè. Àlàgbé, ẹ̀rù bà mí. Dàhòmè kọ́ ló lé ìyá ìyá rẹ wọ inú ẹrẹ̀ Ọ̀họ̀rí, tó fi jókòó nínú omi títí dé àyà pẹ̀lú ọmọ lórí? Ìwọ wá ń jà fún orúkọ wọn? Mo bi Ògúnsànyà. Ó ní ayé ti yí, Faransé ti fa ìlà yí gbogbo wa ká, àwa àti Gùn àti Fọ̀n àti Bàrìbá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Dàhòmè, bí ẹni kó ewúrẹ́ àti iṣu sínú agbọ̀n kan náà. Mo bi í pé ta ni iṣu nínú wa.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn bí o ṣe ròyìn ìtàn ẹgbẹ́ yín, láti ìbẹ̀rẹ̀. O ní àwọn atukọ̀ òyìnbó ló kọ́kọ́ ń gbá a lórí iyanrìn Kútọnù nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ń dúró de ẹrù, àwọn alárùú wa dúró tì wọ́n, wọ́n ń wò, nígbà tí àwọn atukọ̀ náà lọ, àwọn alárùú bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọsàn tí kò tíì pọ́n. Láti orí ọsàn ló ti dé ilé ìwé. O ní ilé ìwé Àjàṣẹ́ bá ti Wídà gbá a, wọ́n sì jà, wọ́n ya aṣọ ara wọn, lẹ́yìn náà òyìnbó kan ní dípò tí ẹ ó fi máa ya aṣọ ara yín, kí ẹ kó àwọn tó mọ̀ ọ́n jù jọ láti ibi gbogbo. Báyìí ni ẹgbẹ́ yín ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjà ló bí i. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó tí mo mọ̀ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dùn mí pé àwọn ará Èkó fi bọ́ọ̀lù wọ ilé yín lẹ́ẹ̀méje tí ẹ̀yin kò sì wọ tiwọn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín ni. Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, tí kò ní ògiri níwájú, tó jẹ́ pé àwọ̀n ẹja lẹ fi ta ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọ! Ògúnsànyà mọ ọ̀pá oparun hun, bí ẹ bá fẹ́, yóò wá bá yín dí i láàárín ọjọ́ méjì. Mo tún ń rò nípa afẹ́fẹ́ tí o ní ẹ ń fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù náà. Èémí ta ni? Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ó jẹ́ tìrẹ. Kò dára kí wọ́n ki èémí ọmọ mi sínú awọ kí ogún èèyàn máa ta á nípàá.

Ibì kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. O ní nígbà tí àwọn ará Lomé wá bá yín gbá a ní Àjàṣẹ́ nígbà ẹ̀rùn, tí ẹ jọ ṣe ọ̀kan-ọ̀kan, ọmọ Àgbómẹ̀ kan, ọmọ ìlú ọba Dàhòmè gan-an, ló gbá bọ́ọ̀lù náà sí ọ lẹ́sẹ̀ tí o fi wọ ilé wọn. O ní ó lè gbá a wọlé fúnra rẹ̀ kí orúkọ jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ọ, ó sì fún ọ. Bàbá bàbá rẹ̀ rí bàbá bàbá rẹ náà lọ́jọ́ kan, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló fún un. Kí ọmọ náà ní ẹ̀mí gígùn. Bí ó bá fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí, mú un wá sílé.

Mo rí fọ́tò yín. Mo fi han Ìyábùnmi, ó ní kí ló dé tí àwọn kan jókòó, ṣé ara wọn kò yá ni. Mo rí ìwọ, o ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Mo rí i pé aṣọ gbogbo yín rí bákan náà, kò sì sí ẹni tó wọ bàtà nínú yín. Mo rí òyìnbó tó gbé fèrè kọ́rùn. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì dojú rẹ̀ dé, torí mo ti rí i rí.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé kejì, èyí tí o ní kí n tẹ ìka sí kí wọ́n tó lè mú ọ lọ sí Lomé.

Àlàgbé, ìwọ kéré nígbà yẹn. Lọ́dún tí Faransé àti Jámánì ń jà, ìwé kan dé sí Kpulú, wọ́n ní wọ́n ti yan Òkè ẹ̀gbọ́n rẹ. Inú wa dùn díẹ̀, torí pé yíyàn dára létí. Wọ́n ní kí Fábíyì bàbá rẹ tẹ ìka, ó sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún Òkè ní aṣọ tó rí bákan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù, òyìnbó fọn fèrè, wọ́n tò, wọ́n lọ. Lomé ni wọ́n ní wọ́n ń lọ. Láti Lomé ni wọ́n ti gbé e kọjá òkun. Kò sí ẹni tó mú irun rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ wá sílé kí a rí ohun sin. Bàbá rẹ máa ń wo àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ló ń wò ó títí ó fi kú.

Mo gbé ìwé náà pa mọ́ sínú àká àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kọ “má lọ” sórí síléètì mi, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Lọ́jọ́ kẹwàá Ògúnsànyà bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. O mọ̀ pé ogun náà ni ó fún un ní ẹsẹ̀ gìdìgbà tó ń wọ́ kiri, nítorí náà n kì í bá a sọ̀rọ̀ Lomé. Òun ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ta ló kọ́kọ́ rin ìrìn náà? Mo ní o kọ ọ́ pé àwọn ará Lomé ló kọ́kọ́ wá sí Àjàṣẹ́. Ó ní mélòó ló wá? Mo ní mọ́kànlá. Ó ní mélòó ló padà? Mo ní o kọ ọ́ pé ẹ sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ń kọrin, ìyẹn ni pé mọ́kànlá ni. Ó ní, ìyàwó wa, àáró nìyẹn. Wọ́n ti wá bá yín kọ ebè, ó ku kí ẹ lọ bá wọn kọ tiwọn. Ó ní ogun tó gbé òun àti Òkè lọ, kò sí Jámánì kan tó kọ́kọ́ wá bá wa ro oko Kpulú. Wọ́n kàn ní kí a máa bọ̀ ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí oko, mo gbé e bọ̀. Nínú ìran wa, kò sí ẹni tó jẹ àáró ẹlòmíràn kí ó má san án. Bí o kò bá lọ, ebè mẹ́wàá ni wọn yóò kọ ní Lomé, koríko yóò wà níbi tìrẹ, wọn yóò sì bèèrè pé ọmọ ta ni kò wá. Ìwọ ni wọn yóò dárúkọ. Nítorí náà o lè lọ.

Ṣùgbọ́n n kò tẹ ìka. Abọ́dúndé ní Ìyá, ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ kọ orúkọ yín sí i. Mo ní rárá. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé nínú iṣẹ́ yín yìí, èèwọ̀ ni ọwọ́, pé ẹnì kan ṣoṣo nínú mọ́kànlá ló lè fi ọwọ́ kàn án, bí aláwo láàárín ọ̀gbẹ̀rì, kì í sì í ṣe ìwọ. Èmi kò ní bá ọ ba èèwọ̀ jẹ́ láti ilé. Àti pé ọwọ́ ni bàbá rẹ lò fún Òkè. Mo gba tàdáwà lọ́wọ́ olùkọ́, mo fi kun àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Abọ́dúndé ní òyìnbó kò ní gbà á. Mo ní ọwọ́ kì í rin ìrìn, ẹsẹ̀ ló ń lọ, ẹsẹ̀ náà ló ń bọ̀, kí ni kò yé òyìnbó níbẹ̀? Àmì náà tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, ó gun orí orúkọ ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Bá mi bẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ni.

Ìlà kan tún wà níbẹ̀ tí o túmọ̀ fún mi, tó ní a gbà pé bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ yìí, a kò ní bi ẹnikẹ́ni. Bóyá irú rẹ̀ wà nínú ìwé Òkè, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò mọ̀wé, wọn kò kà á sí i létí. Èyí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, nítorí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ kan tí Abọ́dúndé kò kọ́ mi: N ó bi. Má pa á rẹ́.

Bí o bá dé Lomé, kí ẹ tó gbá ohunkóhun, lọ dúró sí oríta, pe Òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti mọ̀wé báyìí, kí ó máa bọ̀ nílé.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, iyọ̀ ti tán, epo àtùpà sì ń gbẹ lójú mi kí n tó parí ìlà. Kí síléètì kan bá a wá, èyí ọ̀dọ̀ mi ti fọ́, ọmọ ọlọ́rùn làpálàpá yẹn ló jókòó lé e. Ó tọrọ àforíjì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. Òkúta kò ní gún ọ, ẹ̀gún kò ní mọ ẹsẹ̀ rẹ. Kí bọ́ọ̀lù rí ọ kí ó tó rí ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ méjìlélógún ni yóò lọ sí Lomé, ẹsẹ̀ méjìlélógún ni yóò bọ̀. Abọ́dúndé ti kọ́ mi ní oǹkà dé ọgọ́rùn-ún, n ó wá sí ìdí ọkọ̀, n ó sì kà wọ́n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹfúnwùmí, tí wọ́n ṣì ń pè ní Ìyá Òkè.