Ẹ Bá Mi Sọ fún Lábísí Pé Mi Ò Kú

Agosasa,
Lọ́nà Ìpókíá,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2020.

Habeebah Àṣìkẹ́ ọmọ mi,

Asalamu alaykum. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé onílé yín kò tún yọ yín lẹ́nu mọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi ire, ẹni tó bá ń ro ibi sí ọ kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Tiwa náà dára, a kan ń fara da ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti là, ìpara tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí ni bàbá yín ń fi pa ẹsẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí mo fẹ́ kí o rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi kí o lè gbà pé èmi ni. Bí o bá kà á síwájú, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ á yé ọ.

Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn odò, a sì ti fi ṣe gàrí, àmọ́ àwọn tó máa ń ti Bẹ̀nẹ̀ wá rà á kò rí ọ̀nà wá mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, gàrí wá kún ilé débi pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí ni mò ń sùn. Ewúrẹ́ abilà yẹn bí ìbejì. Bẹntiróòlù ti di ohun tí à ń fojú wá, wọ́n ní ilé epo tó bá ti sún mọ́ bọ́dà kò gbọ́dọ̀ gba epo mọ́, nítorí náà àwọn ọlọ́kadà wa ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń ti ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń mú ìyàwó lọ sílé.

Fóònù fífẹ̀ tí o fi rán Ọlájídé onímọ́tò sí mi ti dé ọwọ́ mi, mo dúpẹ́, ọmọ yóò tọ́jú ìwọ náà. O ní kí n máa gbọ́ rédíò wa nínú rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ pa òpó rédíò náà, kí wọ́n kó gbogbo ètò wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù fóònù náà kọ́kọ́ bà mí. Kò tíì pẹ́ tó dé tí mo jókòó sídìí ààrò tí mò ń yan gàrí, ló bá dún, ọ̀rọ̀ yọ lójú rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbé e fún bàbá yín. Ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n ṣòwò ní Kùtọnu nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní Faransé ni, pé ohun tó ń sọ ni pé mo káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Èmi tí mi ò kúrò nídìí ààrò. Bọ́dà wà ní títì, sọ́jà wà lójú ọ̀nà, fóònù wá ń jẹ́rìí pé mo ti kọjá. Mo sáré lọ mú káàdì ìdìbò mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń fi abẹ́rẹ́ so ó mọ́ aṣọ kí n tó lọ dáná, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé ìlú wo ni mo ti ń bọ̀. Bí mo bá gbé fóònù náà lọ sí yàrá iwájú, á padà sí Nàìjíríà. Bí mo bá gbé e dé ààrò, á tún sọdá. Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni mo wá rí i pé ohun rere ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí Lábísí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, Lábísí àbúrò mi, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Màmá Sàkẹ́tẹ́, kò lè ti Bẹ̀nẹ̀ wá, èmi náà kò lè lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, eékún tèmi náà kò gba ọ̀nà inú igbó mọ́. Kò ní fóònù, rédíò kékeré oníbátìrì nìkan ló ní. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń fi ìkíni ránṣẹ́ sí ilé rédíò wa lọ́nà Ìlaròó, bí wọ́n bá ti kírun tán, Ọmọ́délé tó ń ka ìkíni á ní Hùmúàní ní Agosasa ń kí Lábísí ní Sàkẹ́tẹ́, pé ewúrẹ́ ti bí, pé kó máa fi òróró gbígbóná pa ẹsẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, rédíò tiwọn lọ́hùn-ún, tí àwa náà ń gbọ́ níbí, á pe orúkọ tirẹ̀, á dá mi lóhùn. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń tú àpò ìrẹsì, wọ́n ń tú ìjókòó ọ̀kadà, kò sẹ́ni tó tú ọ̀rọ̀ tiwa wò rí. A ti bá ara wa jà pàápàá lórí rédíò, lórí ìkòkò tí ìyá wa fi sílẹ̀, gbogbo Ìpókíá gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n wá pa òpó náà, ọkàn mi balẹ̀. Mo rò ó pé fóònù rẹ ń lọ sí Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, rédíò sì wà nínú fóònù, rédíò ti dé Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn, kí ni Lábísí tún ń fẹ́. Tí ìkíni mi bá ti fẹ́ jáde, mo máa ń gbé fóònù náà lọ sídìí ààrò, mo á kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà Sàkẹ́tẹ́, mo á sì sún sẹ́yìn kí n má bàa dí i lọ́nà. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn ní Jímọ̀ mélòó kan. Àmọ́ Lábísí kò dá mi lóhùn. Mo sọ fún bàbá yín pé ó ti tún bínú ìkòkò.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo tan rédíò tiwọn lọ́hùn-ún, mo gbọ́ orúkọ mi. Wọ́n ní Lábísí ní Sàkẹ́tẹ́ ń kẹ́dùn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọ̀wọ́n, Hùmúàní ní Agosasa, pé ó ń kí ọkọ olóògbé, Àúdù, àti ọmọ rẹ̀ Habeebah ní Èkó, kí Ọlọ́run fi Alùjánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Bàbá yín ti dáhùn àmín kí wọ́n tó rántí pé ìyàwó àwọn ni. Èmi náà jókòó gbọ́ àdúrà náà dé òpin, nítorí àdúrà dára, mi ò fẹ́ já a láàárín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Hùmúàní kan kú lóòótọ́, ìyá onírẹsì tó wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ìròyìn gba inú igbó dé Sàkẹ́tẹ́ pé Hùmúàní Agosasa ti kú. Lábísí tan rédíò rẹ̀ ní Jímọ̀ láti fi mọ òótọ́, kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ ọkà. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ariwo kan náà ló tún gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé mo wà láyé, mo á ti kí òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìkéde náà, àwọn ẹbí wa láti Ìlobì kún ilé láti wá bá bàbá yín kẹ́dùn. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Toyibat, àbúrò bàbá yín, dì mọ́ mi, ó ń sunkún mi lé mi léjìká, ó ní òun ti ń sunkún bọ̀ láti inú ọkọ̀, òun kò lè dá a dúró lójijì. Mo fún wọn lómi, mo sì bu gàrí fún wọn lọ sílé.

Mo wá bẹ Málọmọ́, aládùúgbò wa tó máa ń gba inú igbó ru ata lọ sí ọ̀hún, pé kó lọ sọ fún Lábísí pé mo wà, ara mi le. Ó lọ, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ni Lábísí bá bú sẹ́kún tuntun. Mi ò dá a lẹ́bi, ìwọ náà mọ ìṣe wa. Nígbà tí bàbá tiwa kú, kí ni wọ́n wá sọ fún èmi àti Lábísí? Wọ́n ní ara wọn ti ń yá, kí á má ṣèyọnu. Ohun tí à ń sọ fún àbúrò olóògbé nìyẹn títí wọn á fi rí ẹni àgbà tó máa tú u fún un. Málọmọ́ fi fóònù tirẹ̀ pè mí kí Lábísí lè gbọ́ ohùn mi. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Lábísí ní ìwọ Habeebah ni, pé ohùn ìwọ àti èmi ti jọ láti kékeré rẹ. Ó ní o kú ará fẹ́ra kù, pé ọmọ dáadáa ni ọ́ tí o ń fi ohùn ìyá rẹ tu òun nínú. Ni Málọmọ́ bá kọrí sí ilé rédíò tiwọn lọ́hùn-ún. Àwọn yẹn ní àwọn ti kéde ikú, àwọn kì í kéde pé ẹni tó kú kò kú mọ́, àfi bí ẹni náà bá wá fúnra rẹ̀ tòun ti káàdì ìdánimọ̀. Káàdì wà lára aṣọ mi, eékún ni kò sí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Lábísí kò jẹun. Málọmọ́ ní ògì díẹ̀ ló ń fi ẹnu kàn, aṣọ ti ń bọ́ kúrò ní ìdí rẹ̀. Ó ní òun á gbà pé mo wà bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu Ọmọ́délé, lórí rédíò òun, ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọmọ́délé ló ń kéde òkú fún gbogbo wa, ní ìhín àti ní ọ̀hún, kò fi òkú kankan pa mọ́ nítorí ẹnikẹ́ni rí. Bó bá ní ènìyàn kú, ó kú. Bó bá ní ó wà, ó wà. Habeebah, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun tèmi náà mọ́. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko. Mi ò fẹ́ kó tìtorí ikú tí mi ò kú kú.

Mo wọkọ̀ lọ sí ilé rédíò wa. Ọ̀gá wọn, Ọdẹkúnlé, ọmọlúàbí ni, ó gbé àga fún mi síwájú fáànù. Ó ṣàlàyé pé òpó náà ń mu dísẹ́ẹ̀lì, pé dísẹ́ẹ̀lì kò sí, pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà báyìí, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ iwájú rédíò. Mo ní ó dára, kí ọjọ́ iwájú jọ̀ọ́ dúró díẹ̀ de Lábísí. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú mi wọlé, wọ́n fi mí jókòó ti Ọmọ́délé, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ lórí rédíò ti inú fóònù náà. Wọ́n fi hàn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi àwòrán ọkàn pupa kéékèèké ránṣẹ́, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń tà á ni. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Olúwadárasími ní Kánádà kọ̀wé pé omi bọ́ lójú òun. Ọ̀gá Ọdẹkúnlé ní ohùn mi ti yí gbogbo ayé ká. Mo dúpẹ́, mo wá ní kó bá mi wò ó bóyá Sàkẹ́tẹ́ wà nínú ayé náà. Ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún mi.

Nígbà tí mò ń lọ, Ọmọ́délé sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní wọn kò tíì tú òpó náà, àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé bí a bá rí dísẹ́ẹ̀lì, Ọ̀gá ti gbà pé àwọn á tan án fún ìkíni Jímọ̀ kan péré. Mo sọ ọ́ ládùúgbò, àṣé ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ há sí lọ́fun. Edith, tíṣà tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìfọ̀ngìn lọ́hùn-ún, ti mú owó tirẹ̀ wá. Bàbá yín ti ta àgbò tí wọ́n ń sìn de Iléyá. Owó dísẹ́ẹ̀lì náà kù díẹ̀, òun ni mo ń bẹ̀ ọ́ sí. Fi lé Ọlájídé onímọ́tò lọ́wọ́. Jọ̀ọ́ má fi sínú fóònù, nítorí bó bá bọ́ sí ìgbà tí mo wà nídìí ààrò, ó lè di sẹ́fà, owó wọn lọ́hùn-ún, mọ́ mi lọ́wọ́.

Má bínú pé mò ń ráhùn, fóònù rẹ dára, mi ò sì ní fi sílẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kan tí gbogbo ayé ń gbọ́ ara wọn nínú fóònù, mo á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Lábísí wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o wá ẹni tìrẹ tì. Ẹni tí o bá kí yóò dá ọ lóhùn, ilé rẹ kò ní dákẹ́, àwọn ọmọ rẹ yóò gbọ́ ohùn rẹ pẹ́ títí láyé yìí, Àmín.

Mo ti kọ ohun tí Ọmọ́délé máa kà. Kò gùn, kí ó lè kan àwọn tó kù kí dísẹ́ẹ̀lì tó tán. Hùmúàní ní Agosasa ń kí Lábísí ní Sàkẹ́tẹ́. Mi ò kú. Dìde, lọ jẹun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hùmúàní.