Wáyà Kan Tí Mi Ò Fà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ bí ẹni pé o wà níwájú mi. Mo sì mọ̀ pé o ti kúnlẹ̀ níbi tó o ti ń ka lẹ́tà yìí, dìde, ilẹ̀ ìlú ńlá le. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Ọ̀nà rẹ kò ní dí, orí rẹ kò ní sùn, ẹni tó bá ní kí iná rẹ má tàn, nínú òkùnkùn ni yóò ti máa wá bàtà rẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ náà kí ọ. Ó jókòó tì mí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ní kí n máa kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́ kí n má baà parọ́ mọ́ òun.

Gbogbo wa wà dáadáa. Òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ní kó wá sáyé.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. O ní iṣẹ́ tiyín ni wáyà tó ń lọ sínú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àti pé bí a bá na wáyà inú rẹ̀ tán, ó máa gùn ní ọ̀pọ̀ máìlì. Ọmọ mi, ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń fa wáyà sílé onílé, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo bi ìyá rẹ pé ìka ta ló ń wọ ibẹ̀, ó ní ìka rẹ kò kúkú sanra láti kékeré. O tún ní ṣíìpù wà nínú fóònù tó o rà fún mi. Mo wọ awò ojú mi, mo fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wo ihò tí wọ́n fi ń gba iná sí i, mi ò rí wáyà kankan. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé wọ́n parí iṣẹ́ inú rẹ̀ ni àbí wọ́n kàn dé e pa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé wáyà tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kí ohùn mi má lọ já ọ̀kan, o ṣáà mọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ti fi aṣọ wé e sínú àpótí. Ìdí nìyẹn tó o fi ń pè mí tí mi ò gbé e, tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Ohun tó wá ká mi lára rèé. O ní kì í ṣe ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń to wáyà náà, ẹ̀rọ lẹ̀ ń kọ́ níṣẹ́ kó máa tò ó. Ẹ kì í sọ fún un pé gba ibí, gba ọ̀hún, ẹ kàn ń jẹ́ kó gbìyànjú lẹ́gbẹ̀rún ìgbà ni, tó bá ṣe dáadáa ẹ fún un ní máàkì, tí wáyà bá gùn jù tàbí tí ọ̀kan gun èkejì, ẹ yọ máàkì. O ní máàkì rẹ̀ ń ga lójoojúmọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé lò, ẹ ò sì rí ibi tó ti ń ṣìṣe, nítorí wáyà ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Bí kò bá sì dára kí oṣù yìí tó parí, àwọn ọ̀gá yín máa tú yín ká. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lásán kò ní lé ọmọ mi kúrò níbi iṣẹ́! Mo pinnu pé èmi náà máa ṣe bí ẹ̀rọ, kí n lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ìyá rẹ ní kí n tó ṣe bí ẹ̀rọ, kí n kọ́kọ́ ṣe bí ọkọ, kí n tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe.

Aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tuntun, ó ní kí n wá fa wáyà sí i: gílóòbù mẹ́rin, sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà fún ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀kan fún áyọ́ọ̀nù. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, mo gbé àga fún ìyá rẹ, mo ní òun lọ̀gá. Ilà tí mo bá fà ni wáyà, òfin rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré, bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún: wáyà kò gbọ́dọ̀ gùn jù, ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ gun èkejì. Mo fa ti àkọ́kọ́ bí mo ṣe máa ń fà á, mo dúró kó yìn mí. Ó fún mi ní méjì nínú mẹ́wàá. Èmi! Mo bínú, mi ò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó yá, ebi kọ́ mi lọ́gbọ́n, mo tún un yà. Mẹ́ta. Mo tún un yà. Mẹ́ta náà ni. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ya ti ìkẹtàlélógún, mo gba márùn-ún, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi wáyà onílé ṣòfò, tí mò ń yí ògiri po níbi tí mo ti lè gba òkè àjà kọjá. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni o.

Ó wá rẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ gba mẹ́wàá. Mo jókòó, mo mu omi, mo ro òfin méjèèjì dáadáa, ni mo bá pa gbogbo ilà tí mo fà rẹ́, mo fi gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò fa nǹkan kan sí wọn. Wáyà tí kò sí kò lè gùn, kò sì lè gun òmíràn. Ìyá rẹ wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní bí òfin bá ṣe wí, mẹ́wàá ni mo gbà, kí n wá lọ sọ fún aránṣọ pé kó máa fi máàkì ránṣọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ, ọmọ mi. Lọ wo ẹ̀rọ yín dáadáa. Bí mo bá mọ ọmọ iṣẹ́, wáyà tó ṣòro fà ló ń fò, tó sì ń gba máàkì lórí rẹ̀. Kì í ṣe olè, ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ń ṣe. Ìyá rẹ ti fi òfin kẹta kún tiwa, pé kí iná kọ́kọ́ tàn níbi gbogbo, bí ọ̀kan ò bá tàn, òdo ni. Òdo ni mo ń gbà fún odindi ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà mo gba mẹ́jọ. A ti fa ti aránṣọ, gbogbo rẹ̀ tàn, wáyà yáàdì mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù nínú èyí tó rà. Ẹ̀rọ lè mọ ọ̀nà jù yín lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí à ń lọ. Ìyá rẹ kò di píláyà mú rí, òun ló sì mọ̀ pé wáyà áyọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ gba ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Nítorí náà wọn ò lè lé ọ, máa jẹun, máa sùn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú tó ń mú nǹkan tóbi, mo fẹ́ rí wáyà tí ọmọ mi tò. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù o, kó má lọ há mọ́ àwọn wáyà yẹn lọ́rùn. Fún ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, ohun tó o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere.

Mo rò pé mo ti parí, àmọ́ ìyá rẹ tó ń gbọ́ mi ní mẹ́fà ni òun fún lẹ́tà yìí. Ó ní wáyà kan wà tí mi ò fà. Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, o mú píláyà mi láìtọrọ, o so gílóòbù ilé ìdáná tó ti ń dà mí láàmú. Mo já píláyà gbà lọ́wọ́ rẹ, mo ní ọwọ́ ọmọbìnrin kì í ṣe ọwọ́ wáyà, mi ò sì jẹ́ kó o fọwọ́ kan àpò iṣẹ́ mi mọ́. Iná yẹn tàn, ọmọ mi. Mi ò fún ọ ní máàkì kankan. Mo jẹ̀bi, má bínú sí mi. Mẹ́wàá lo gbà, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni.

Píláyà náà ló wà nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí wá. Mo mọ̀ pé kò lè wọ inú ṣíìpù bí èékánná yẹn, ṣùgbọ́n tìẹ ni.

Ìyá rẹ ti gbé máàkì lẹ́tà yìí dé mẹ́sàn-án. Ó ní ọwọ́ rẹ ni ọ̀kan tó kù wà, ìgbà tó o bá wálé lo máa fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ.