Lọ́rì Koríko Tí Mo Ṣèlérí Ní Zawan

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kúrò nílé fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n mo kí yín. Ara Màámi le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Òrùlé wa ní Àpáta, ní Jos níbí, ti ń jò. Ibi tí mo ti ń gbé àpótí yín kúrò lójú òjò ni mo ti rí lẹ́tà kan nínú àpò kóòtù kakí yín. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má baà máa ṣe ojú ayé.

Ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ lẹ́tà náà. Ó ní ìjọba ti fòpin sí iṣẹ́ koríko etí odò: wọn ò ní pín irúgbìn mọ́, lọ́rì tó ń wá ra koríko fún màlúù ìjọba kò sì ní wá mọ́. Ajílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fẹ́ máa náwó lé. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí a tó lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Zawan ní Sátidé tó kẹ́yìn yẹn.

Ṣé ẹ rántí? Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó tẹ oko olóko, bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ bu omi sínú ife dígí méjì, ọ̀kan níbi tí wọ́n kọ ebè dé etí odò, èkejì nísàlẹ̀ ibi tí koríko wà. Ti àkọ́kọ́ kún fún ẹrẹ̀. Èkejì mọ́ gaara, ẹ sì mu ún lójú gbogbo wọn.

Hausa yín kò ju ìkíni lọ, èmi tí ẹ bí sí Jos ni mo ń bá yín túmọ̀. Ẹ ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ fún koríko, kí wọ́n má gbin ọ̀dùnkún òyìnbó síbẹ̀, pé lọ́rì ń bọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Mo sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà. Orí mi wú pé bàbá mi gbára lé mi. Lẹ́tà yẹn sì wà nílé. Kí ló dé tí ẹ fi ẹnu ọmọ yín parọ́?

Ṣé ẹ rò pé ìjọba máa yí ọkàn padà ni? Àbí ojú ló tì yín? Ẹ ti kú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, èmi ni wọ́n wá ń bi léèrè lọ́rì. Nígbà tó di ọdún kejì, oníkálukú hú koríko rẹ̀. Òjò wá ń gbá ilẹ̀ àti ajílẹ̀ wọ inú odò. Omi yẹn, ẹ ò ní fi fọ ẹsẹ̀.

Màmá Kaneng nìkan ni kò hú tirẹ̀. Ìsun omi kan wà nísàlẹ̀ oko ìyá arúgbó yìí, koríko ló sì ń dá ẹrẹ̀ dúró kó má wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi mímu báyìí.

Mo mú lẹ́tà náà lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti pinnu pé màá kà á fún un. Mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ní ilẹ̀ ń ṣòfò, àwọn fẹ́ gbin ọ̀dùnkún. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan koríko òun. Ó wá kọjú sí mi, ó bi mí bóyá lọ́rì ṣì ń bọ̀. Àwọn obìnrin ń pọn omi lẹ́yìn rẹ̀.

Tana zuwa, ni mo sọ. Ó ń bọ̀. Ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n.

Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ́ wọn, wọ́n lọ. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà fún yín pé kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, nítorí ẹ tọ́ ọmọ tí kì í purọ́.

Mi ò tíì dárí jì yín. Mo sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín, ògbufọ̀ yín.