Aago Tí Mo Tì Síwájú

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì

Ó rẹ̀ mí. Ọjọ́ kẹta rèé tí kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ wa ní Kudenda ò mọ̀ mí mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti tàn án láàárọ̀, á gbà mí wọlé láìbéèrè ohunkóhun. Ní báyìí, páásíwọ̀dù ló ń bèèrè bí ọlọ́pàá ojú títì, bí mo bá sì fún un, á tún lé mi jáde.

Rísíkátù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí àwa méjèèjì máa ń fi "ọkọ mi, ìyàwó mi" ṣeré, ti wò ó sú. Ó ní orúkọ wa wà níbi méjì, nínú ẹ̀rọ ńlá ọ́fíìsì àti lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí èyí tó lábùkù. Mo ní, "Ìyàwó mi, bóyá ó ń jowú wa ni." Kò rẹ́rìn-ín. Máníjà ti sọ fún un pé bí kò bá yanjú ẹ̀ lónìí, kó má wá síṣẹ́ mọ́.

Lọ́sàn-án ló pariwo: "Haba! Ọkọ mi, ta ló ti aago inú kọ̀ǹpútà yìí síwájú? Ó fi ogún ìṣẹ́jú yá ju ti ẹ̀rọ ńlá lọ. Bí aago wọn ò bá bára mu, kò ní gbà yín wọlé!"

Èmi ni. Àtìní ni mo tì í, kí ọ̀gá sítọ́ọ̀, tó máa ń wo aago ibẹ̀, lè tètè tú wa sílẹ̀ fún ìrun Alásàrì, kí n sì ráyè na ẹ̀yìn díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé aago lásán lè tìlẹ̀kùn.

Mo lọ bá Máníjà fúnra mi, mo jẹ́wọ́ lójú Rísíkátù. Ó bú mi bí ọmọdé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Rísíkátù ò bọ́. Rísíkátù dá aago padà, kọ̀ǹpútà sì mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí a ń ṣíwọ́, mo ní, "Ó dàárọ̀, ìyàwó mi."

Ó ní, "Ó dàárọ̀, sà."

Sà.