Ẹ̀wù Òtútù ní Ìbàfò

Màámi,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Ara mi ti yá. Ibà náà kò tó nǹkan, ẹ má wulẹ̀ sọ fún Dádì.

Ẹ̀wù òtútù tí ẹ̀yin àti àwọn ìyá ìjọ kó jọ fún ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ti dé. Àbí ẹ ti gbàgbé oòrùn Ìbàfò ni? A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Mubashir, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tú wọn, ó fi rán ìrọ̀rí mọ́kànlélógún. Ó fi àpò wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń tọ́jú bisikíìtì sí.

Qudrah, ọmọ ọdún márùn-ún, nìkan ni kò jẹ́ ká gé tiẹ̀. Búlúù tí ẹ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ yẹn ni. Ó ń wọ̀ ọ́, ó ń làágùn. Mo ṣèèṣì sọ pé ìyá mi ló ni ín. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, á kúnlẹ̀ níwájú mi, á ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ti tó."

Ó ní, "Wọn ò tíì dáhùn."

Mo ti sún ìpadàbọ̀ mi sí Lọ́ńdọ̀nù síwájú díẹ̀, ẹ má bínú. Qudrah kí yín. Ó ní ẹ ṣé àná.

Ọmọ yín,
Adéyẹ́misí