Pákó Tí Wọ́n Yọ Níwájú Ilé Wa

Ìyá mi àtàtà,

Wọ́n ti yọ pákó tí a ń gbà kọjá lórí omi láti ilé wa sí ilé Bàbá Sunday. Ẹ rántí pákó yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí ẹ ó máa fi etí dá ẹsẹ̀ àwọn aládùúgbò mọ̀ kí wọ́n tó yọjú. Omi nìkan ló wà láàárín wa báyìí.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bùn ló fà á. Ọmọ-ọmọ yín tí ẹ fi sílẹ̀ lọ sọ́run nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò Bàbá Sunday, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, tí ẹ kì í jẹun láìbu tiẹ̀ sílẹ̀, ló fipá bá a lòpọ̀ nígbà tí mo lọ ta ẹja. Ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà pè mí. Wọ́n ti gbé ọtí ẹ̀bẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ parí sílé, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, kí n gbé Ẹ̀bùn lọ sí Òde Mahin títí ariwo yóò fi rọlẹ̀. Inú bí mi, ìyá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni kó di ẹrù rẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Mi ò fẹnu kan ọtí wọn.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé wa dé Ìgbókòdá, níbi tí ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá wà? Gbogbo ọlọ́kọ̀ ló mọ ibi tí mò ń lọ, ọkùnrin yẹn náà ló sì ń bá gbogbo wọn tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ìyá Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń yan ẹja, ló fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gbé wa débẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì rọra tọ́jú ọmọ náà. Ọlọ́pàá obìnrin kan jókòó tì í títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n mú ọkùnrin náà. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé Bàbá Sunday yọ pákó.

Wọ́n ti gba béèlì rẹ̀, ó ti padà dé. Ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti dún lórí pákó ẹ̀yìn ilé tó kù sí wa lọ́wọ́, Ẹ̀bùn á kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, ṣé ẹ gbọ́ ohunkóhun nínú ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn rí?

Lánàá, ẹsẹ̀ kan ń bọ̀. Ẹ̀bùn tẹ́tí, kò sì sá. Ó ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Òun náà ni lóòótọ́.

Kò rántí ojú yín, ṣùgbọ́n etí yín ló gbé wáyé. Ẹ̀yin ń tẹ́tí kí ẹ lè mọ iye ẹni tí ẹ ó bu oúnjẹ fún. Òun ń tẹ́tí kó lè mọ̀ bóyá kó sá pamọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí etí rẹ̀ ṣì ń wá ẹsẹ̀ yín.