Òrùlé Tí Ìwọ̀n Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Louth,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìparí oṣù kẹwàá.

Lorraine ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Martin ọkọ rẹ, mo sì gbà á ládùúrà pé ara yín le, àti pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín gbóná kò tíì daṣẹ́ sílẹ̀ bí ó ti ṣe lọ́dún tó kọjá. Mo gbọ́ lórí rédíò pé òjò dídì ti ń rọ̀ lápá Inverness lọ́hùn-ún. Jọ̀wọ́, ẹ wo táyà ọkọ̀ yín dáadáa. Martin á ní òun ti wò ó. Kó tún un wò. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́, ìyá rẹ sì ní kí n kí yín.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní lórí fóònù n óò kàn máa ṣe "ẹn, ẹn" títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu mi. Ó ní kí n kọ ìdí tí ìwọ̀n òrùlé fi ń yàtọ̀ lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé ìwọ àti èmi, kálukú wa ní ìkọ̀kọ̀, ti gbà pé orí mi ló ń dàrú. Ó ní kí n má sì sọ lẹ́tà náà di ẹkún. Mo máa gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ yàrá gíláàsì ẹ̀yìn ilé ni. Ìwọ àti Martin lẹ ní ẹ ó fi òrùlé tuntun kí wa kú àjọ̀dún ìgbéyàwó, pé kí wọ́n yọ ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá yẹn kúrò, kí wọ́n sì ki pánẹ́ẹ̀lì tó nípọn, tí wọ́n há fóòmù sí nínú, sáàárín àwọn irin rẹ̀, kí òtútù má baà rí ọ̀nà wọlé mọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, bí o ti mọ̀ mí. Àwọn tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì yìí kì í wá wọn ilé ẹni. Onílé ló ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, wọ́n á gé e bó ṣe wọ̀n ọ́n, tí wọ́n bá sì ti gé e, wọn kì í gbà á padà. Lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo máa ń rí lẹ́tà pupa yẹn tí mo bá di ojú.

Báyìí la ṣe ń wọ̀n ọ́n. Èmi a gun àkàbà dé ibi tí òrùlé ti kan ògiri ilé. Ìyá rẹ a dúró sílẹ̀ lápá ọgbà, níbi tí òrùlé ti rẹlẹ̀, nítorí ó ga, ọwọ́ rẹ̀ tó o láìgun nǹkan kan. Òun ló ń fi orí téèpù sínú ihò tóóró tó wà lára irin, níbi tí ẹsẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì máa jókòó sí, èmi ló ń ka nọ́ńbà lókè. Iṣẹ́ ọmọ iléèwé ni. A wọn gbogbo àlàfo tó wà láàárín àwọn irin náà tán kí tíì tó tutù.

Nígbà tí mo tún un wọ̀n lọ́sàn-án, kò sí èyí tó bá ti àárọ̀ mu. Ọ̀kan gùn sí i, èkejì kúrú, òmíràn fi odindi ìbú àtàǹpàkò yàtọ̀. Lọ́jọ́ kejì gbogbo rẹ̀ tún di nǹkan mìíràn. Mo ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, mo tún fi èyí ránṣẹ́ láti fi tún tàkọ́kọ́ ṣe. Ọmọbìnrin tó ń gbà á sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn pè mí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ọ̀gbẹ́ni Pask, ẹ dákun, ṣé ilé kan náà ni?" Ó ní òun á dúró dè mí títí di ọjọ́ Ẹtì yìí.

Mo kọ́kọ́ dá téèpù lẹ́bi. Mo ra tuntun. Tuntun náà purọ́ bíi ti àtijọ́. Mo wá rò pé ilé ló ń rì, pé yàrá gíláàsì náà ń ya kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Mo lọ pe Trevor, aládùúgbò wa tó ń wa bọ́ọ̀sì nígbà kan. Ó fọwọ́ tẹ ògiri káàkiri bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, ó ní, "Clifford, ilé yìí á sin èmi àtìwọ. Bóyá apá ínṣì lò ń kà." Mo ní mìlímítà ni mo ń kà. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ta ló wá kọ́ ọ ní mìlímítà?"

Ìgbà tí Trevor lọ ni ẹ̀rù tòótọ́ tó wọ inú mi. Tí kì í bá ṣe téèpù, tí kì í bá ṣe ilé, èmi ni. O rántí bí bàbá mi ṣe lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, tó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí, tó ń mú fìlà láti lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti dá dúró tipẹ́. Ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí lórí fóònù pé, "Dádì, òní tiẹ̀ ti jẹ́ ọjọ́ wo?" bí ẹni tó kàn gbàgbé. Mo mọ ohun tí ò ń wá. Mo dáhùn pé Ọjọ́bọ̀ ni, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sáré lọ wo kàlẹ́ńdà. Nínú balùwẹ̀ mo ń ka àwọn ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ láti ìlú wa dé Grimsby fún ara mi, Ludborough, North Thoresby, Holton, n kò sì fo èyíkéyìí. Síbẹ̀ tí mo bá tún gun àkàbà, ìwọ̀n á yí padà. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Orí wo ló ń di ohun ìgbà èwe mú, tó sì ń sọ nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nù?

Ní Sátidé, ìyá rẹ lọ bá wọn ta kéèkì ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Trevor yọjú, mo ní kó bá mi di orí téèpù mú. A wọ̀n ọ́n, a tún un wọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, a tún bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó dọ́gba. Trevor nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Téèpù rẹ dára, ilé rẹ dára. Ìyàwó rẹ ni kó o lọ dá padà." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán mo jókòó, n kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n bínú. Orí mi pé. Kí ló wá dé tí Beryl, ìyá rẹ, fi ń bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tó sì ń wò mí níran bí ọkàn mi ṣe ń gbọ̀n? Àbí kò fẹ́ òrùlé náà? Ṣùgbọ́n mo ti bi í látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní, "Èyí tó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, èmi ò kọ̀."

Lánàá mo ní kó wá bá mi dì í mú lẹ́ẹ̀kan sí i. Dípò kí n máa wo nọ́ńbà, mo yí ọrùn padà lórí àkàbà, mo ń wo òun. Kò wo ibi tó ń fi téèpù sí. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, sọ́nà ọgbà, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan, ó wá gbé orí téèpù lé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ní àlàfo kan ó gbé e lé rọ́bà etí ihò náà, ní òmíràn ó gbé e lé férémù abẹ́ rẹ̀. "Ó ti wọ ibẹ̀," ló ń wí lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdánilójú bíi ti ọlọ́pàá. Mo wá rántí tíì tó ń dà sínú àwo abẹ́ ife láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti wúlù ìhunṣọ rẹ̀ tó ti kó sókè àjà, àti ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kí n máa kà sókè nítorí òun fẹ́ràn ohùn mi. Lorraine, ìyá rẹ kò fẹ́ràn ohùn mi rí.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró níwájú rẹ̀. Mo ní, "Beryl, kí lò ń rí?" Ó ní, "Ìwọ." Mo ní, "Apá ibo lára mi?" Ó ní, "Etí rẹ méjèèjì. Bàtà rẹ. Àárín ló ti lọ."

Gbogbo ìgbà tó ní òun ń lọ ra aṣọ ní Grimsby, dókítà ojú ló ń lọ rí. Enid, ìyàwó Trevor, ló ń wakọ̀ gbé e lọ, kò sì sọ fún Trevor pàápàá, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ìdí géètì kí Trevor tó tú u fún mi. Wọ́n ní kò sí oògùn tí wọ́n lè fún un. Àárín ìríran ló ń kú, ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ṣẹ́kù, òkùnkùn biribiri kò ní bò ó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Nítorí mo mọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ lo máa lẹ fóòmù mọ́ etí gbogbo tábìlì ilé yìí. Mo fẹ́ kí n lo ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i bí èèyàn, kì í ṣe bí ẹyin." Etí tábìlì ni mo sì ń wò lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwọ̀n jẹ́. Òun rò pé inú ihò náà gan-an ni òun ń fi téèpù sí, pé èmi ni mo ń ka nọ́ńbà tí kò sí níbẹ̀. Òun náà ń bẹ̀rù fún orí mi. Òun ló pè ọ́ pé kó o máa bi mí ní ọjọ́. O kò sọ fún mi, n kò sì bá ọ wí, ṣùgbọ́n wo bí a ṣe rí, gbogbo wa nínú ìdílé kan.

Mo wá bi í nípa òrùlé. Ó ní nínú ilé, gbogbo nǹkan dà bí ìkùukùu lójú òun. Abẹ́ ike yẹn nìkan, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá látòkè, ni òun ti ṣì ń rí àwọ̀ ẹyẹ ní etí ojú. Mo ní, "O sì ní o ò kọ̀?" Ó ní, "Orúnkún rẹ ńkọ́? Ìwọ lo ń kérora níbẹ̀." Orúnkún mi kì í dùn mí níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe gbà á, nítorí pé mo ń rí i tó ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tòun ti kóòtù. Mo rò pé òtútù ń pa á tí kò fẹ́ sọ. Òun kò kọ̀, èmi kò kọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi "èmi ò kọ̀" sé ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn.

Láàárọ̀ òní mo pe ọmọbìnrin yẹn. Ó ní kì í ṣe dandan kí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, a lè fi ike sílẹ̀ ní àwọn ibi tó bá wù wá. Mo ní kí ìyá rẹ jókòó sórí àga rẹ̀ kó yàn. Ó rọra ń yí orí kiri fún ìgbà pípẹ́, ó wá nawọ́ sí àlàfo mẹ́ta tó wà lókè àga náà. A wọn ìyókù. Mo ní kó má fi ojú wá nǹkan kan, kó fi ìka wá ihò náà kó tó fi téèpù sí i. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ́gba. Ó ní, "Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn?" Mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ má bínú, ìwọ àti Martin, pé ẹ̀bùn yín kò ní bo gbogbo òkè yàrá náà.

Ó yẹ kí n mọ ohun tó ń ṣe mí báyìí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Ara mi fúyẹ́ pé orí mi pé, mo sì ń bá ara mi jà pé ó fúyẹ́. Mo ń bẹ̀rù, n kò sì mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀rù. Mo fẹ́ bi í bóyá ojú mi ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe rí, tàbí ojú ìgbà wo ló fi ń rò mí. N kò tíì bi í. Bóyá ìwọ lè sọ fún mi bóyá ó yẹ kí n bi í.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Kí ọ̀nà má yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Kí ẹ jẹ èso ohun tí ẹ ṣe fún wa, kí ilé yín má sì tutù.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Clifford.

Mo tún rántí: Tí ẹ bá dé nígbà Kérésìmesì, má ṣe dúró síwájú ìyá rẹ kí o máa rẹ́rìn-ín sí i. Jókòó sọ́wọ́ òsì rẹ̀, kí o jẹ́ kó kọjú sí ọgbà. Á dà bíi pé kò kà ọ́ sí. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló ń wò ọ́.